Ẹni Tó Ni Yàrá Ń Bọ̀ ní Ọjọ́ Jímọ̀

Bí ẹ bá dé ìlú wa, Salatiga, tí ẹ sì béèrè ẹni tó ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ilé Pak Sarwidi ni wọn yóò júwe fún yín; Pak là ń pe bàbá níhìn-ín, Bu là ń pe ìyá. Télọ̀ ni mí, Menik ni orúkọ mi, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ilé mi àti ilé rẹ̀. Láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú ni mo ti ń gbé maṣíìnì mi lọ bá a. Jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin náà. Ó lè jókòó ti ẹ̀rọ kan láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi kọjá orí òrùlé mọ́sálásí, kó má sì sọ ju gbólóhùn kan lọ. Tí ẹ bá bi í pé kí ló ṣe maṣíìnì yín, á ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe é, Bu. Ẹ ò fún un lépo ni. Ẹ̀yin ń jẹun, òun ò jẹun."

Tarwiyah, ìyàwó rẹ̀, kú nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo, Kinasih, ṣì wà nílé ìwé girama. Àrùn jẹjẹrẹ ni. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Solo ni wọ́n gbé e lọ, nítorí pé tiwa níhìn-ín kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Bàbá àti ọmọ kò mọ ẹnikẹ́ni ní Solo. Orí ẹní ni wọ́n ń sùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà títí obìnrin náà fi dákẹ́, àwọn àti ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn, tí àwọn agbálẹ̀ á sì máa fi ẹnu ìgbálẹ̀ jí wọn ní ìdájí. Sarwidi kì í sọ ọ́. Kinasih ló máa ń sọ ọ́. Á ní, "Bu Menik, ilẹ̀ yẹn tutù débi pé mo máa ń lálàá pé inú odò ni mo wà."

Ọmọ náà já fáfá nídìí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ríṣẹ́ ní Semarang, ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn oníṣòwò. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Wening jọ háyà yàrá nítòsí ibi iṣẹ́. Láti ọjọ́ Ajé ló máa ń wà lọ́hùn-ún, á sì wọ bọ́ọ̀sì padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Tí mo bá ti gbọ́ tí géètì wọn dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo mọ̀ pé òun ni.

Láàárín ìgbà yẹn ló ṣe ìkànnì kan tí kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Àwọn ará òkè Merbabu máa ń gbé aláìsàn wọn wá sí ilé ìwòsàn wa, wọn kì í sì í ríbi sùn. Kinasih wọ ilé dé ilé ládùúgbò, ó ń bẹ àwọn tó ní yàrá òfo pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ orúkọ wọn síbẹ̀, kí ẹni tó bá gbé ìyá rẹ̀ wá lè rí ibi fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé tó kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni tiwọn, yàrá tó sì fi sílẹ̀ ni tirẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ gbọ́.

"Yàrá rẹ, Nduk, ọmọ mi? Àlejò á máa wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ?"

"Ta ló ń sùn níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, Pak? Ṣé ológbò ni?"

"A ò ní ológbò."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn. Ológbò gan-an ò sí ńbẹ̀."

Sarwidi bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí. Èmi ni mo wá bi í pé kí ló wá ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà látàárọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó ti kọ orúkọ àwọn ilé tán.

Ó ní, "Ẹ gbọ́, Bu. Tí mo bá rán yín lọ sílé Bu Parti pé kẹ́ ẹ lọ wò ó bóyá ààyè wà, kí lẹ máa padà wá sọ fún mi?"

"Màá ní ààyè wà."

"Ó tán?"

"Kí ló tún kù?"

"Títí dìgbà wo? Ẹni tó gbé ìyá ẹ̀ wá á fẹ́ mọ̀ bóyá òun á tún kẹ́rù jáde lọ́la. Tí ẹ bá mú èsì kan ṣoṣo wá, ìdajì iṣẹ́ lẹ ṣe."

Ó wá sọ fún mi pé inú kóòdù, ìránṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní fọ́nṣọ̀n. Wọ́n á rán an níṣẹ́, á lọ, á padà, á sì mú èsì wá fún ẹni tó rán an. Ó ní tòun á máa mú méjì wá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: bóyá ààyè wà, àti ọjọ́ tí ẹni tó ni yàrá ń bọ̀. Ẹni tó rán an á sì na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á, ti àkọ́kọ́ sí ọwọ́ kan, ti èkejì sí ọwọ́ kejì. Àwọn onílé yòókù ló ń kọ ọjọ́ tiwọn síbẹ̀ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ní ti yàrá tirẹ̀, ó ní kò sí ohun tí òun á máa wá kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀; òun ti sọ fún fọ́nṣọ̀n náà pé ọjọ́kọ́jọ́ tí wọ́n bá bi í, kó ṣírò Jímọ̀ tó ń bọ̀, kó sì mú un wá.

"Ọ̀lẹ ni mí, Bu," ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, ibà ẹlẹ́jẹ̀ tí ẹ̀fọn ń kó ranni jà ní Semarang. Kinasih rò pé ibà lásán ni. Ó lo oògùn orí fífọ́, ó lọ síbi iṣẹ́, kò sì sọ fún bàbá rẹ̀ nítorí kó má baà dààmú. Nígbà tí Wening fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú rẹ̀. Ó padà wálé ní Jímọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló gbé e wá. Mo gbọ́ tí géètì dún, mo sì ti ń jáde lọ kí i kí n tó rí àwọn ọkùnrin tó ń gbé e sọ̀kalẹ̀.

A sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Àdúgbò péjọ, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì jẹ ìrẹsì tí a sè. Sarwidi dúpẹ́ lọ́wọ́ oníkálukú, kò sì gbàgbé orúkọ ẹnì kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀, ó lọ jókòó ti maṣíìnì kan, kò sì tún un ṣe.

A ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jumeri tó dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Mo wà lọ́dọ̀ Sarwidi, mò ń dúró de bẹ́líìtì maṣíìnì mi. Láti òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti wá, ẹrẹ̀ kún bàtà wọn, wọ́n sì gbé ìrọ̀rí kan dání.

Jumeri ní, "Ẹ dákun, Pak, ṣé ibí ni yàrá tó ṣófo wà? Ẹsẹ̀ ìyá mi ló kán. Wọ́n ti gbà á sí wọ́ọ̀dù."

Sarwidi ní, "Yàrá wo?"

"Èyí tí wọ́n kọ síbí ni." Ó na fóònù rẹ̀ sí i, ó sì kà á sókè, bóyá ó rò pé bàbá náà ò mọ̀wé kà. "Ààyè wà. Ẹni tó ni yàrá ń bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀."

Sarwidi tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn yàrá náà. Ìyàwó Jumeri rò pé inú ń bí onílé ni, ló bá yára fi kún un pé, "Ẹ má ṣèyọnu, Pak. Kó tó di Jímọ̀ a ti lọ. Kò ní í bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀."

Mo fẹ́ la ẹnu. Sarwidi gbé ọwọ́ sókè sí mi. Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó sì ṣí ilẹ̀kùn tí kò tíì ṣí láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Ẹ wọlé," ló wí. "Omi wà lẹ́yìnkùlé."

Nígbà tí wọ́n ti wọlé, ó ní kí n fi fóònù mi wá ìkànnì náà fún òun. Mo wá a. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó sì gbé e súnmọ́ ojú bí ẹni ń wá ihò abẹ́rẹ́. Jumeri àti ìyàwó rẹ̀ lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sarwidi tún ní kí n ṣí i. Jímọ̀ ti kọjá, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló wà níbẹ̀. Jímọ̀ mìíràn ni ọmọ náà ń bọ̀.

Èmi ni mo pe Wening. Ó wá lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé àkàrà àgbọn Semarang dání, ojú rẹ̀ sì ti wú láti inú bọ́ọ̀sì. Ó ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí Kinasih fi sílẹ̀, ó wá ibi tí fọ́nṣọ̀n náà wà, ó sì fi ìka tọ́ka sí ìlà tó gbẹ̀yìn, ti yàrá Kinasih, fún Sarwidi.

"Ibí ló ti ń mú èsì padà wá, Pak. Ẹ wo méjèèjì. Èyí ń sọ pé ààyè wà. Kọ́mà rèé. Èyí tó tẹ̀ lé kọ́mà ló ń sọ pé Jímọ̀. Mo lè yí i padà báyìí, kò gba ìṣẹ́jú kan."

Sarwidi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. "Má fọwọ́ kàn án."

"Pak..."

"Mo ní má fọwọ́ kàn án, Nduk. Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé irọ́ ni pé ààyè wà ni? Ààyè wà."

Wening rọra ní, "Èkejì ni kì í ṣòótọ́, Pak."

Ọkùnrin náà dìde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. A gbọ́ tí omi ń dà nínú balùwẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Wening pa kọ̀ǹpútà dé. Ó ní òun ò lè jà á gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé òun náà ti yọjú wo ìkànnì yẹn ní Semarang, òun sì mọ ohun tó ń ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wà. Àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń lọ. Olúkúlùkù wọn ló mọ̀ pé Jímọ̀ ni àlejò gbọ́dọ̀ kúrò. Wọ́n á gbá yàrá, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn mìíràn á sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí èso salak sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á ní, "Ẹ bá wa kí ẹni tó ni yàrá o, Pak." Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà á dúdú síbẹ̀. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan.

"Pak, ẹ ò lè máa ṣe báyìí lọ."

"Ṣe báwo, Bu?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Maṣíìnì yín ti ṣe tán," ló wí. "Ẹ lè gbé e lọ."

Inú bí mi, n kò sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láàárín ìgbà náà ni Mbah Rubinem dé. Arúgbó ni, ó kéré bí ọmọdé, ọkọ rẹ̀ sì wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu. Sarwidi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń sè ewébẹ̀ fún un, obìnrin náà sì ń bá a wí bí ọmọ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ pé, Sarwidi ti lọ tún maṣíìnì ṣe ní ilé iṣẹ́ aránṣọ kan ní Ambarawa, èmi náà sì lọ wo ẹ̀gbọ́n mi. Òjò ńlá rọ̀. Nígbà tí Sarwidi dé, yàrá ti mọ́ tónítóní, ẹrù arúgbó náà kò sì sí níbẹ̀. Ó rò pé àwọn ará ilé rẹ̀ ló wá mú un.

Nọ́ọ̀sì kan tí mo ń ránṣọ fún ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi ní ọjọ́ Ajé. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni Mbah Rubinem lọ tẹ́ ẹní rẹ̀ sí, pẹ̀lú aṣọ tó ti tutù mọ́ ọn lára. Ọkọ rẹ̀ kú ní àárọ̀ Àbámẹ́ta. Nígbà tí wọ́n sì lọ jí i láti sọ fún un, ara òun náà ti ń gbóná bí iná, kò sì lè dìde. Wọ́ọ̀dù ni wọ́n gbé e sí. Òun kọ́ ló sin ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ ló sin ín.

Mo sáré lọ bá Sarwidi, ìjà wa sì parí síbẹ̀. Àwa méjèèjì jọ lọ wò ó. Ó ń wúkọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó rí Sarwidi, ó rẹ́rìn-ín.

Sarwidi ní, "Mbah, kí ló dé tí ẹ fi lọ?"

"Jímọ̀ ni, ọmọ mi. Ọmọdé tó ti ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ Ajé, ó yẹ kó bá bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ lófo. Ṣó bá a ní mímọ́? Mo gbá a, mo sì ká aṣọ ìbora."

"Ó mọ́, Mbah."

"Ó délé láyọ̀, àbí? Òjò yẹn pọ̀ jù."

Sarwidi di irin bẹ́ẹ̀dì náà mú. "Ó délé, Mbah," ló wí. "Ẹ sinmi."

A rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ibẹ̀ ló ti dúró, ó kọjú sí géètì, kò kọjú sí mi.

"Orí ilẹ̀ ló sùn, Bu. Ilẹ̀ tútù. Ọmọ mi ṣe nǹkan yìí kí ẹnikẹ́ni má baà sùn síbẹ̀ mọ́, èmi ni mo wá gbé arúgbó lọ síbẹ̀."

"Pak, ẹ̀yin kọ́ lẹ rọ òjò."

"Èmi ni," ló wí. "Ẹ bá mi pe Wening."

Wening ní kí ó jẹ́ kí òun ṣe é láti Semarang, ó ní kò ní pẹ́ rárá tí á fi tán. Sarwidi gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Rárá, Nduk. Kọ́ mi ni. Má ṣe é fún mi. Tẹ́lòmíì bá yọ ọ́ kúrò, n ò ní gbà pé ó ti kúrò."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù. Ìka rẹ̀ tóbi ju bọ́tìnnì lọ, epo maṣíìnì sì wà léèékánná rẹ̀. Wening ń wá bá a lọ́jọ́ Àìkú, ó sì ń fi fóònù kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀. Kò rọrùn fún un. Ó máa ń bínú, á ní kí ló dé tí àmì kékeré kan fi lè da gbogbo nǹkan rú, Wening á ní, "Pak, tí abẹ́rẹ́ yín bá wọ́ díẹ̀ ńkọ́?" Sarwidi á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò dúró de Wening mọ́. Ó ṣí ìlà tó gbẹ̀yìn nínú fọ́nṣọ̀n ọmọ rẹ̀, ó pa ohun kejì rẹ́, ó sì fi kọ́mà sílẹ̀ nítorí kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe sí i. Ó fi ránṣẹ́ sórí ìkànnì. Gbogbo ìkànnì náà kú. Kì í ṣe yàrá tiwọn nìkan, ilé gbogbo ló pòórá lójú ìwòran, Bu Parti àti àwọn tó kù, ojú funfun ló sì kù síbẹ̀. Àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí pè é. Ó bọ́ síta láìwọ bàtà, ó ń pè mí.

"Bu Menik! Mo ti pa á! Mo ti pa iṣẹ́ ọmọ mi!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ igbe rẹ̀, nítorí ní ọjọ́ ìsìnkú kò ké. Mo mú un jókòó, mo sì pe Wening, ó ní ká ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ síwájú wa. Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo pe lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un.

Wening ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Pak. Ẹ ò pa nǹkan kan. Ohun tó ń sọ ni pé, à ń retí méjì, ọ̀kan ṣoṣo ló wọlé."

Sarwidi ń wo ojú funfun náà.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi, Pak? Ojú ìwé tó rán fọ́nṣọ̀n níṣẹ́, ọwọ́ méjì ló nà. Kinasih ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá mú ẹyọ kan wá fún un, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ kejì ṣe, ló bá dákú."

"Mo ń gbọ́. Ọ̀kan ló kù, Nduk. Kí ni kí n fi sí ìkejì?"

"Òfo, Pak. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ tó túmọ̀ sí pé kò sí."

"Ṣé òfo náà jẹ́ nǹkan?"

"Ó jẹ́ nǹkan. Ààyè ẹ̀ á ṣì wà, kò kàn ní í sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni."

Ó gbé fóònù sílẹ̀ sórí tábìlì kí ohùn Wening lè máa jáde. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ìkànnì jí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán: Wening ní ojú ìwé náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí á kọ nígbà tó bá bá òfo nípò kejì, nítorí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa kọ ọ́ pé ẹni tó ni yàrá ń bọ̀ ní ọjọ́ òfo. Ó bi Sarwidi pé kí ni kí wọ́n kọ.

Ní ìta, ẹni tó ń ta tofu ń fọn fèrè rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni Sarwidi tẹ gbólóhùn kan, kò sì bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ó dára. Nígbà tó fi ránṣẹ́ tán, ó ní kí n ṣí i lórí fóònù mi. Mo ṣí i. Ààyè wà, bẹ́ẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Ẹ lè dúró títí ara èèyàn yín yóò fi yá.

Sarwidi wò ó. Ó fi ìka nu ojú fóònù mi bí ẹni pé ìdọ̀tí ló bo gbólóhùn ti Jímọ̀ mọ́lẹ̀. Ó wá tẹrí ba, ó sì sunkún bí ẹni tí ara ń ro. Wening ń sunkún lórí fóònù ní Semarang. N kò mọ èwo nínú wọn ni kí n rẹ̀ lẹ́kún.

"Ó ti lọ, Bu," ló ń wí. "Mo fọwọ́ mi yọ ọ́."

Mbah Rubinem yè. Kó tó padà sí òkè, Sarwidi lọ sọ òtítọ́ fún un fúnra rẹ̀, èmi kò sì bá a lọ. Ó ní arúgbó náà di ọwọ́ òun mú títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ní ọkọ̀ ti dé.

Láti ìgbà náà ni yàrá ti ń kún, Jímọ̀ àti ọjọ́ gbogbo. Ó kó aṣọ Kinasih jáde, ó fún Wening ní èyí tó bá a mu, ó sì fi ìyókù sínú àpótí lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì náà bàjẹ́ lábẹ́ oríṣiríṣi èèyàn, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Òórùn ìpara ọmọ náà ti kúrò nínú yàrá. Òórùn oògùn àti ìrẹsì ló kù. Wening lọ síbi iṣẹ́ mìíràn ní Batam, ó fẹ́ ọkọ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Semarang ló ń tọ́jú ìkànnì náà báyìí, wọ́n sì ti tún un kọ láti ìpìlẹ̀. Sarwidi kò fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn kan sọ pé ìkànnì náà ń tù ú nínú. Èmi tí mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lóru láti ẹ̀yìn ògiri kò rí i bẹ́ẹ̀.

Nígbà òjò tó kọjá, mo gbé maṣíìnì lọ fún un. Ó ṣí i, ó ń wo inú rẹ̀, lójijì ló gbójú sókè.

"Bu, orin tí Kinasih máa ń kọ tó bá ń wẹ̀, ẹ rántí ẹ̀? Balùwẹ̀ wa ló kan ògiri yín."

Mo ní mo rántí ẹ̀, àbí báwo ni n ò ṣe ní rántí. Mo la ẹnu, mo kọ ọ́ díẹ̀.

Ó tẹ́tí sílẹ̀. "Ìyẹn kọ́."

Mo tún gbìyànjú. Èmi náà gbọ́ ọ pé orin mìíràn ló ń jáde.

"Ìyẹn náà kọ́, Bu."

"Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, Pak."

"Ó ti bọ́ lọ́wọ́ èmi náà," ló wí. "Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń wá a."

Nínú yàrá, ọmọ ọwọ́ àlejò kan bẹ̀rẹ̀ sí ké. Sarwidi nu epo kúrò lọ́wọ́, ó dìde, ó sì lọ gbé omi kaná fún wọn.